Ẹni Tó Ń Nu Eruku

Ara ògiri yàrá ìwádìí ní Àkọkà ni àwòrán náà wà,
dọ́fìn odò kan, láti ilẹ̀ tí n kò ní dé láéláé.
Ó pọ́n rúsúrúsú bí ìkókó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀,
ẹnu rẹ̀ gùn bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ,
ojú rẹ̀ kò ju hóró ẹ̀wà lọ.
Nísàlẹ̀ rẹ̀, lórí pẹpẹ, nínú ìgò olóògùn,
pẹlẹbẹ inú ọ̀sà tiwa ká ìrù mọ́ra.
Dọ́fìn lórúkọ. Èyí, bó ṣe rí la ṣe ń pè é.
Èmi ni mo ń nu eruku ara ìgò náà
ní àràárọ̀ Mọ́ńdè, kí Dókítà Ajímọ̀kọ́ tó dé.

Bàbá mi kò fẹ́ gbọ́ orúkọ pẹlẹbẹ sétí.
Ọdún tí mo wọ kíláàsì kẹta ló tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀
létí omi Ìlàjẹ, ní Bàrígà,
níbi tí ẹrẹ̀ ti ń mu èèyàn dé orókùn.
Oṣù méjì ló fi jókòó bí àlejò nínú ilé ara rẹ̀,
ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí iṣu ewùrà,
ìyá mi ń fi omi gbígbóná jó o,
òun ń ṣépè fún ẹja.
"Ọ̀dàlẹ̀ ni! Ẹni tó sùn sínú ẹrẹ̀,
tó gbé ojú sókè, tó gbé ẹnu pamọ́ sísàlẹ̀,
kí ló ń wá?"
Ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ dọ́fìn, ẹ̀rín ni.
Ó ti rí wọn rí lójú òkun, níwájú ẹnu ọ̀sà.
"Àwọn yẹn mọ èèyàn kí," ó ní.
"Wọ́n á yọrí, wọ́n á mí fùú, wọ́n á tún rì."

Bẹ́ẹ̀ ni mo gbé e dàgbà:
ọmọlúàbí kan, ọ̀dàlẹ̀ kan.

Àmọ́ ẹni tó ń nu eruku máa ń pẹ́ lójú kan.
Dókítà bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́.
"Ìyá Ṣẹ́gilọlá, kí lẹ ń wò?"
Mo ní, "Èwo ló dára jù nínú wọn, ọ̀gá?"
Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi bírò tọ́ka sí ihò kan ní àtàrí dọ́fìn:
"Ibí ló ti ń mí."
Ó yí ìgò. Ihò méjì wà lẹ́yìn ojú pẹlẹbẹ:
"Ibí lòun náà ti ń mí. Nígbà tí ẹnu wà nínú ẹrẹ̀,
níbo lẹ fẹ́ kí omi gbà wọlé?"

Ó ní odò dọ́fìn yẹn dúdú bí omi aró,
ojú kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀,
ohùn ló ń jù síwájú bí ẹni ń ju àwọ̀n.
Pẹlẹbẹ kò lóhùn. Awọ ara rẹ̀ ló fi ń gbọ́
bí edé ṣe ń mira lábẹ́ yanrìn.
Kò sí èyí tó yé ẹyin nínú àwọn méjèèjì,
ọmọ tó lójú, tó nírù, ni wọ́n ń bí.
Dọ́fìn a máa fọ́mọ lọ́yàn, ó lé lọ́dún.
Pẹlẹbẹ bímọ tán, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ dá a lẹ́bi.
Mo la ẹnu.
Mo rántí Ṣẹ́gilọlá, ọmọ oṣù méje,
lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, ní àárọ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí.
Mo pa ẹnu dé. Mo nu ìgò náà lẹ́ẹ̀kejì.

Lálẹ́, mo rò ó fún bàbá mi.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ń fi àtàńpàkò ra ojú àpá.
"Ọjọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́ yẹn,
ṣé ó rò pé mo wá pa òun ni?"
N kò mọ èsì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i tó ń lọ sídìí ọkọ̀.
Kò gbé ẹsẹ̀. Ó ń wọ́ ọ nínú ẹrẹ̀,
díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà onílé
tó ń ní, àgò o.